Àwa mẹ́ta péré la kù nínú bándì rọ́ọ̀kì wa l'Ádó: ṣé ká wá ẹlòmíràn ni, àbí ká máa lọ bẹ́ẹ̀?

Onígìtá Bàsírì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí gbà mí nímọ̀ràn.

Bándì rọ́ọ̀kì la ní l'Ádó Èkìtì níbí. Márùn-ún la jẹ́ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa sì ti kọ́ iṣẹ́, bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń ta gìtá kejì ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní òkè Ọya. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ríṣẹ́ sí Èkó lóṣù méjì sẹ́yìn. Ó wá ku èmi tí mò ń ta gìtá tí mo sì ń kọrin, àbúrò wa obìnrin kan tó ń ta bẹ́ẹ̀sì, àti ọ̀rẹ́ mi tó ń lu dúrọ́ọ̀mù.

Wọ́n ti pè wá sóde kan ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, wákàtí kan gbáko la máa fi ṣeré. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a dán an wò láwa mẹ́ta. Orin méjì àkọ́kọ́ dùn débi tí ẹnu ya èmi fúnra mi. Gbogbo ohun tí bẹ́ẹ̀sì ń sọ ni mò ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ tá a ti jọ ń ṣeré, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan orin kẹta, tí mo kúrò lórí kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí à ń ta pọ̀, pé kí n ta sólò, kí gìtá nìkan máa dá sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan yọ pákó kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gìtá ń ké lókè fíofío, bẹ́ẹ̀sì ń kùn nísàlẹ̀, àárín wá ṣófo.

Onílù wa ní ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò tó ń ta bẹ́ẹ̀sì ní ká yára wá onídùùrù. Èmi ò tíì mọ ibi tí mo máa fì sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí la máa jèrè níbẹ̀, kí la sì máa pàdánù?

Bàbá Oníbẹ́ẹ̀sì, Ìkẹ́rẹ́

O kú iṣẹ́, ọmọ mi, ìwọ àtàwọn ẹnì kejì rẹ. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bẹ́ẹ̀sì ni mo ta láyé ìgbà kan, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Àkúrẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì àti lóde ìnáwó. Háílàìfù là ń ṣe, ṣùgbọ́n a gbọ́ rọ́ọ̀kì dáadáa nígbà náà, torí rédíò ń gbé e, àwọn ọmọ iléèwé girama pàápàá sì ń dá bándì sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dáná igi rí mọ̀ pé ààrò mẹ́ta yẹn, kò sí èyí tó o lè yọ nínú wọn. Ohun tó o máa fi sọ́kàn nìyẹn kó o tó pinnu. Nínú bándì ẹlẹ́ni mẹ́jọ, mo ti sùn lórí bẹ́ẹ̀sì rí, mo fi ojú mi méjèèjì tòògbé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nínú bándì ẹlẹ́ni mẹ́ta, tó o bá ṣi ìka kan gbé, gbogbo agbo ló gbọ́ ọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé nǹkan òyìnbó ni. Bándì BLO, àwọn mẹ́ta, ṣe é l'Ékòó níbí. Berkley Jones ló ta gìtá, Laolu Akins lu ìlù, Mike Odumosu ta bẹ́ẹ̀sì, lẹ́tà orúkọ wọn ni wọ́n sì fi sọ bándì náà lórúkọ. Àwo wọn àkọ́kọ́, *Chapter One*, jáde lọ́dún 1973. Jones àti Akins ti bá Ginger Baker ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn nínú bándì tó ń jẹ́ Salt. Ginger Baker yìí kan náà ló lu ìlù fún Cream ní Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Eric Clapton lórí gìtá, Jack Bruce lórí bẹ́ẹ̀sì. Ó fi mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1971, ó bá Fela ṣeré, ó sì dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe l'Ádó yẹn ní ìtàn lórí ilẹ̀ wa.

Wá àwo BLO yẹn, kẹ́ ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó gbọ́ ọ. Má gbọ́ gìtá. Bẹ́ẹ̀sì ni kó o gbọ́. Kì í dúró sójú kan. Nígbà tí gìtá bá lọ, òun ló ń bá orin náà sọ̀rọ̀. Sọ fún àbúrò yẹn pé kó má ṣe dà bí akọ̀wé tó kàn ń da ọ̀rọ̀ ọ̀gá kọ sílẹ̀. Kó máa rìn.

Dùndún Ìjerò

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín o, Bàbá. Mi ò ní bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo fẹ́ fọwọ́ tọ́.

Ìdílé onídùndún ni wọ́n bí mi sí. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo tó jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù. Lójú agbo dùndún, ẹni tó gbé gúdúgúdú kọ́rùn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bílálà méjì ló fi ń lù ú, ohun kan náà ló sì ń wí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó ń wí yẹn ni ìyáàlù dúró lé tó fi ń ki èèyàn, tó fi ń pòwe. Bí gúdúgúdú bá ní òun náà fẹ́ pòwe, agbo tú ká nìyẹn.

Ohun tí mo rí nínú bándì ẹlẹ́ni mẹ́ta ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ gúdúgúdú. Ẹ gbọ́ onígìtá Jimi Hendrix àtàwọn méjì tó bá a ṣeré láti ọdún 1966. Mitch Mitchell lórí ìlù kì í sinmi, ó ń bá gìtá sáré kiri. Ṣùgbọ́n Noel Redding, tó jẹ́ onígìtá kó tó di pé wọ́n gbé bẹ́ẹ̀sì lé e lọ́wọ́, ó dúró sójú ọ̀nà. Òun ni àwọn méjì yòókù ń sá jáde láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sá padà sí. Cream ní tiwọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sáré. Ọ̀gá ni wọ́n, wọ́n rí i ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ku mẹ́ta, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Nítorí náà, bí bẹ́ẹ̀sì bá máa rìn bí Bàbá ṣe wí, kí onílù dúró. Bí onílù bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí bẹ́ẹ̀sì dúró. Ẹ fi ẹnu kò sí i lórí orin kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó dé orí pèpéle.

Ohun kan tún wà fún onílù yín. Tí sólò bá bẹ̀rẹ̀, kó kúrò lórí hàì-hátì, ìyẹn síńbálì méjì tá a máa ń fi ẹsẹ̀ pa dé, kó bọ́ sórí síńbálì ńlá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ohùn hàì-hátì a máa tètè gé, ti síńbálì ńlá a máa pẹ́ nílẹ̀, á sì bo díẹ̀ lára àyè tó ṣófo yẹn. Kó má tìtorí ẹ̀rù àyè bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àrùn tó máa ń ṣe àwa onílù nìyẹn tí èèyàn bá dín kù.

Ẹlẹ́rọ Odò-Adó

Ìdí míkísà, ẹ̀rọ tá a fi ń po gbogbo ohùn pọ̀, ni mo máa ń jókòó sí, kì í ṣe orí pèpéle, torí náà ibi tí mo ti ń wò ó yàtọ̀.

Àyè tó ṣófo tí Onígìtá Bàsírì wí yẹn, ó ṣeé wọ̀n. Okùn tó nípọn jù lórí bẹ́ẹ̀sì, tá a bá ta á lófìfo, a máa gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti gìtá a máa gbọ̀n bí ìgbà 82. Wọn ò jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi kún nígbà tó o wà lórí kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n tó o bá gun òkè lọ sí fírétì kejìlá, ìyẹn ìlà irin kejìlá lọ́rùn gìtá, lórí okùn tó tínrín jù, ìgbà 660 ló ń gbọ̀n. Wo bí àárín ṣe fẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni dùùrù àti gìtá kejì ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti kó jáde.

Ohun tí gbogbo onígìtá máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n gbé fólúùmù sókè, kí wọ́n sì tẹ pẹ́dàlì tó ń mú ohùn ha. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Bí ohùn bá ti ha kọjá ààlà, ńṣe ló ń tínrín, síńbálì á sì gbé e mì. Dín híha yẹn kù sí ìlàjì ohun tó o máa ń lò nínú yàrá rẹ. Nígbà tó o bá ń ta sólò, ta okùn méjì pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó o sì jẹ́ kí okùn òfìfo kan máa dún lábẹ́ rẹ̀. Fún àwọn orin tó wúwo, tú okùn kẹfà sílẹ̀ láti E sí D. Ìka kan ṣoṣo ni wàá fi tẹ kọ́ọ̀dù ńlá, gìtá á sì kún.

Bẹ́ẹ̀sì lè gba apá kan níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà ayé Lemmy tó dá bándì Motörhead sílẹ̀, ó máa ń ta kọ́ọ̀dù lórí bẹ́ẹ̀sì, tí ohùn rẹ̀ á ha bíi ti gìtá. Ṣùgbọ́n tí bẹ́ẹ̀sì bá ti ha, ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ́ dànù. Mo máa ń pín in sí méjì: wáyà kan wọ míkísà ní tútù láìfi ohunkóhun kún un, èkejì gba inú pẹ́dàlì lọ sínú ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rọ yín mọ̀ ṣáájú, kó lè fi àyè méjì sílẹ̀ fún un.

Ẹ máà sì fi kọ̀ǹpútà gbé ohùn dùùrù tí kò sí níbẹ̀. Mo ti jókòó sídìí irú ẹ̀ lóde kan. Jẹnẹrétọ̀ mì díẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà kú, ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Àwọn olórin náà dúró bí ẹni tí wọ́n já aṣọ lára rẹ̀, torí wọn ò mọ ibi tí orin dé mọ́.

Èrè tó wà níbẹ̀ rèé látọ̀dọ̀ tiwa: wáyà yín kéré, ó yá láti tò, ohùn olórin sì máa ń dá yàtọ̀ láìjẹ́ pé mo bá ẹnikẹ́ni jà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí mẹ́ta.

Onígìtá Bàsírì

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. A dán ọ̀rọ̀ síńbálì yẹn wò lánàá, ìyàtọ̀ wà. Pẹ́dàlì tí mo dín kù ló nira fún mi jù, torí ńṣe ló dà bíi pé mo bọ́ra sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tá a fi fóònù gbà á sílẹ̀ tá a gbọ́ ọ padà, gìtá ti ń hàn.

Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni orin kíkọ. Tí mo bá ń kọrin, ọwọ́ mi kì í ṣe dáadáa. Tẹ́lẹ̀, gìtá kejì ló ń gbà mí sílẹ̀.

Àǹtí Oníbẹ́ẹ̀sì, Ọ̀yẹ́

Àbúrò mi obìnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀sì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, tó bá ń kà á. Mo mọ ohun tó jẹ́ kó o ní kí wọ́n wá onídùùrù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ta bẹ́ẹ̀sì láìsí dùùrù, àtẹ́lẹwọ́ mi tutù rinrin, ìka mi ń yọ̀ lórí okùn. Gbogbo ìgbésẹ̀ mi ló dún jáde ketekete. Mo lọ sílé, mo sunkún. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àyè yẹn lọ́wọ́ mi mọ́. Fún ara rẹ ní oṣù mẹ́ta náà.

Ní ti orin kíkọ, kì í ṣe dandan kí onígìtá nìkan máa kọ ọ́. Sting ló kọrin fún bándì The Police nígbà tí wọ́n wà, bẹ́ẹ̀sì ló sì ta. Geddy Lee ti Rush, ní Kánádà, ń kọrin, ń ta bẹ́ẹ̀sì, ń tẹ dùùrù, ó tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ nínú eré kan náà. Mi ò ní kẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pín orin náà. Níbi tí gìtá bá ti le, kí bẹ́ẹ̀sì tàbí onílù gbé ohùn.

Bí mo ṣe kọ́ ọ rèé. Mo kọ́kọ́ ta ohun tí mo fẹ́ ta títí mo fi lè máa bá màmá mi sọ̀rọ̀ ọjà lórí rẹ̀ láì ṣì í. Lẹ́yìn náà mo ka ọ̀rọ̀ orin náà lé e lórí, kíkà lásán, bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, títí mo fi mọ èyí tó bọ́ sórí ìlù àti èyí tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kọ ọ́ lórin. Ẹni tó bá fò ó láti orí èkíní bọ́ sórí ẹ̀kẹta ló máa ń sọ pé òun ò lè ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn mẹ́ta jù rèé, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́ níbí. Èdè wa, ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀. Tí dùùrù àti gìtá méjì bá bo olórin mọ́lẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ lo pè tàbí ọkọ́. Á kàn máa jó. Pẹ̀lú mẹ́ta, gbogbo òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń yọ. Elemure Ogunyemi ti fi hàn wá tipẹ́ pé ohùn Èkìtì ṣeé gbé lọ síbikíbi nínú orin. Àwa náà ní orin kan tí a ti ń pe "ilé" ní "ulé" bá a ṣe ń pè é nílé. Nígbà tá a jẹ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tá a kọ ọ́ láwa mẹ́ta, àwọn ìyá kan dìde níwájú, wọ́n ń gbà á.

Ẹ lo àyè yẹn fún ọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó ronú pé kí lẹ máa fi dí i, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ dí i rárá.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tó korò níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo lò nínú bándì ẹlẹ́ni mẹ́ta, kò sì sí bándì náà mọ́.

Ti owó dára. Tí wọ́n bá san 150,000 náírà, ẹni kọ̀ọ̀kan mú 50,000. Ká ní márùn-ún ni, 30,000 ni. Mọ́tò kan kó gbogbo wa àti ẹrù wa. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn márùn-ún, tí ẹni méjì bá jà, mẹ́ta wà tó máa pẹ̀tù sí i. Nínú èèyàn mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ohunkóhun tó bá sì sọ, ńṣe ni yóò dà bíi pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Èmi ni ẹnì kan yẹn. Ọ̀rọ̀ lórí ta ló kọ orin wo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo dákẹ́ títí, àwọn méjèèjì bínú sí mi tán. Ó ṣì ń dùn mí.

Kì í ṣe àwa nìkan. Láàárín Jack Bruce àti Ginger Baker, ìjà ò tán. Ọdún 1966 ni Cream bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1968, ó ti tú ká. Wọ́n tún padà kóra jọ fún ìwọ̀nba eré lọ́dún 2005, wọ́n sì tún pín yà. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo ZZ Top láti Texas: àwọn mẹ́ta kan náà ló jọ wà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, títí Dusty Hill tó ń ta bẹ́ẹ̀sì fún wọn fi kú lọ́dún 2021. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín owó orin àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí ẹ ṣì fẹ́ràn ara yín.

Ti àìsàn ńkọ́? Ibà gbé onílù wa ṣánlẹ̀ nígbà tí òde kan ku ọjọ́ méjì. A ò rí ẹni dí i. A dá owó àsansílẹ̀ padà, ẹni tó pè wá ò sì tún pè wá mọ́. Ẹ wá ẹnì kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mọ orin mẹ́fà nínú tiyín, kódà kó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Ẹ má sì rò pé ẹ ò lè pe ẹnì kẹrin láé. Mẹ́ta ni Nirvana nígbà tí wọ́n ṣe *Nevermind* lọ́dún 1991, síbẹ̀ nígbà tó di 1993 wọ́n mú Pat Smear wá kó máa bá wọn ta gìtá kejì lórí pèpéle. Green Day náà ń ṣe irú rẹ̀. Onígìtá yín tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ yẹn, tó bá dé, ẹ lè máa pè é fún orin méjì mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ tún gbogbo orin tò nítorí rẹ̀.

Olùdarí Ètò, Ìyìn

Ìdí gbohùngbohùn ni mo máa ń wà lóde ìnáwó. Kúkúrú ni tèmi.

Mẹ́ta dára fún wákàtí kan. Ẹ má gbà á fún àṣemọ́jú. Oníjùjú tó ní gìtá mẹ́rin àti ìlù rẹpẹtẹ lè máa sinmi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí orin má dúró. Ẹ̀yin mẹ́ta, tí ẹnì kan bá fẹ́ mumi, orin dáwọ́ dúró.

Ohun tí mo tún kíyè sí ni pé láàárín ogójì ìṣẹ́jú, etí àwọn èèyàn á ti mọ gbogbo ohùn tẹ́ ẹ ní. Gìtá náà ni, bẹ́ẹ̀sì náà ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Ní nǹkan bí orin kẹfà, ẹ yí i padà. Kí onígìtá gbé gìtá sílẹ̀ pátápátá. Kó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kí bẹ́ẹ̀sì àti ohùn nìkan kọ orin kan. Lẹ́yìn náà, tí gìtá bá padà wọlé, á dà bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sípíkà dé.

Bàbá Oníbẹ́ẹ̀sì, Ìkẹ́rẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀. Dùndún Ìjerò, o ti tọ́ mi sọ́nà níbi ọ̀rọ̀ gúdúgúdú yẹn, mo gbà. Ọmọ mi tó wà ní Ìkọ̀lé, pe àwọn méjèèjì yẹn. Ọdún mélòó ló kù tẹ́ ẹ máa fi bínú? Pè wọ́n.

Onígìtá, kí onílù jókòó síbi tí o ti lè rí ojú rẹ̀. Ẹ má tò bí àwọn tó ń ya fọ́tò. Ẹ súnmọ́ra, kódà bí pèpéle bá fẹ̀ tó pápá.

Onígìtá Bàsírì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ, a ti bọ̀ láti ọjọ́ Sátidé, mo sì ṣèlérí fún ara mi pé mo máa wá ròyìn.

Àwa mẹ́ta la lọ. A tò súnmọ́ra bí Bàbá ṣe wí, mò ń rí ojú onílù, mò ń gbọ́ èémí àbúrò wa lápá òsì mi. Orin márùn-ún àkọ́kọ́ lọ geere. Sólò tó ń dẹ́rù bà mí, mo jẹ́ kí okùn òfìfo máa dún lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀sì ń rìn, onílù dúró. Kò ṣófo.

Orin kẹfà ni okùn kẹta gìtá mi já. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó fà á lára pẹẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ yọ. Gìtá mi sì jẹ́ irú èyí tó ní ọ̀pá tó ń mú ohùn mì, tí okùn kan bá já lára rẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù á fà sókè. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló ń ṣì. Ká ní gìtá kejì wà ni, mi ò bá kàn yí ẹ̀yìn padà, kí n tún un ṣe. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì, kò sí ibi tí mo lè sá sí.

Àbúrò wa ló gbà mí. Kò dúró, kò wò mí rárá. Ó gbé ohun tí gìtá ń wí lọ sórí okùn méjì òkè bẹ́ẹ̀sì rẹ̀, onílù sì rọra sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo gbé gìtá sílẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lẹ́bàá ámúpù, torí a ti múra ohun tí Olùdarí Ètò wí sílẹ̀ fún orin keje. Mo gbé e, mo sì ń kọrin lọ. Ọ̀rọ̀ ilé wa ló wà nínú orin yẹn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa débi ègbè, àwọn èèyàn ti ń gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà bá a ṣe ń pè é gan-an ní Èkìtì. Orin méjì la kọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tọrọ gáfárà, mo jókòó sí etí pèpéle, mo fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pààrọ̀ okùn náà níṣojú gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀sì àti ìlù sì ń lọ lẹ́yìn mi.

Nígbà tá a ń kó ẹrù, àbúrò wa ló dá a sọ fúnra rẹ̀ pé ká má tíì wá onídùùrù. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibi àgùnbánirọ̀, a máa pè é fún orin méjì, a ti bá a sọ ọ́ lórí fóònù. A sì ti kọ bá a ṣe máa pín orin sílẹ̀. Ọmọ Ìkọ̀lé, ẹ ṣeun fún ìyẹn. Ṣé ẹ ti pè wọ́n?

Ẹ bá mi wá ẹni tó ní gìtá kejì tó fẹ́ tà tàbí yáni, l'Ádó tàbí nítòsí. Mi ò lè jáde pẹ̀lú ẹyọ kan mọ́.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Mo ti pe ọ̀kan. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó kan ẹnì kejì.

Ẹlẹ́rọ Odò-Adó

Gìtá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí ọ̀pá rẹ̀ kì í mì, bí okùn kan bá já, àwọn yòókù á dúró sípò wọn. Wá mú un lọ ná, títí wàá fi ra tìrẹ. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn ara rẹ̀ kó o tó gbé e lọ síbi kankan, ó ti dípẹtà. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ni wàá bá mi níbẹ̀.